Ṣé Àbújá ti kún ni, àbí ibi tí èèyàn ń gbé kọ́ ni wọ́n la títì sí?

Akínkanjú_Lugbe
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ wa lónìí, mo ní kí n gbé e wá síbí kí àwọn tó mọ̀ ọ́n dá sí i. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì wa ní Àbújá ti kún kọjá bó ṣe yẹ. Ó ní nígbà tí wọ́n ya àwòrán ìlú náà ní 1979, èèyàn mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ ni wọ́n ní kó gbà nígbà tó bá parí pátápátá, pé a ti kọjá ibẹ̀ báyìí, òun ló fà á tí omi ò fi tó, tí iná ò dúró, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì jẹ́ ká gbádùn.

Èmi ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo òǹkà tó wà nílẹ̀. Ìkànìyàn 1991, gbogbo FCT (agbègbè olú-ìlú ìjọba àpapọ̀) pátá, 371,674. Ti 2006, 1,406,239. Ọdún 15 péré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Nàìjíríà lápapọ̀ kò tíì di ìlọ́po méjì láàárín àkókò yẹn, láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 89 sí mílíọ̀nù 140. Ìdá 9.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní FCT fi ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún nígbà náà; tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí ọdún 8 ló máa ń fi di ìlọ́po méjì. Nígbà tó di 2016, NBS, àjọ ìjọba tó ń rí sí òǹkà, fojú bù ú sí 3,564,126. Látìgbà náà, àbá la kàn ń dá, torí ìkànìyàn tí wọ́n ní àwọn máa ṣe ní 2023, ìjọba Buhari sún un síwájú nígbà tó kù díẹ̀ kó kógbá sílé.

Àmọ́ mílíọ̀nù 3 tí ọ̀gá yìí ń sọ, ti ìgboro nìkan ni, ilẹ̀ tó tó kìlómítà onígun mẹ́rin 250. FCT fúnra rẹ̀ tó 8,000 nínú òfin tó dá a sílẹ̀. Ẹ wọ Katampe tàbí Guzape lónìí kẹ́ ẹ wo iye ilé tó tì pa. Ta ló wá kún? Tèmi ni pé níbi tí títì àti páìpù wà, èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀; níbi tí èèyàn há sí, kò sí páìpù. Ẹ sọ tiyín.

ỌmọÈkóGidi
Mílíọ̀nù mẹ́ta lẹ fi ń sunkún? Ní 2006 yẹn náà, mílíọ̀nù 9 ni àjọ ìkànìyàn kà ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, pé mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀ làwọn kà. A ò sì kú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní títì oní-lénì mẹ́wàá, ẹ tún ń ráhùn. Ẹ wá gbé Ìkòròdú lọ́sẹ̀ kan.

Ìyá_Ìbejì_Nyanya
Ọmọ Èkó, ẹ rọra o. Ọ̀nà Kubwa àti ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ni lénì mẹ́wàá yẹn wà. Kò débi tiwa.

Ẹ wá dúró sí Nyanya láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí aago mẹ́fà tó lù. Keffi ń bọ̀, Masaka ń bọ̀, One Man Village, Ado, Mararaba, New Nyanya, gbogbo wọn ń ya sójú títì kan ṣoṣo tó wọ ìgboro. Ẹni tó bá jáde nílé lẹ́yìn aago márùn-ún ààbọ̀, ìwé àlàyé ìdí tó fi pẹ́ ni kó máa kọ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ìgbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn láti ìkòríta AYA, torí owó ọkọ̀ ò kojú owó oṣù mọ́.

Omi ńkọ́? Páìpù wà nílẹ̀ ládùúgbò wa, mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ gọ́tà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni èmi ò mọ̀. Àwọn máìrúwà tó ń ti ọmọlanke onígálọ́ọ̀nù ló ń bọ́ wa lómi, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń pè é.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé Nyanya ni mo ti bẹ̀rẹ̀ o. Garki la gbé tẹ́lẹ̀, nínú bọ́ìsì kọ́tà tó wà lẹ́yìn ilé ìjọba kan. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ ta ilé ìjọba fún òṣìṣẹ́ ní 2005, ẹni tó ń gbé iwájú ra tirẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí i pé tóun bá kó lọ sí Kubwa, tóun fi ilé yẹn háyà fún ilé-iṣẹ́, owó oṣù òun ò tó owó háyà náà. Ó kó lọ. Àwa náà kó lọ. Àdúgbò yẹn lónìí, ọ́fíìsì, ilé oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe irun ló kù níbẹ̀. Tó bá di alẹ́, àwọn gádì nìkan lẹ máa bá.

Akínkanjú_Lugbe
Ẹ wò ó! Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹ ṣeun mà.

Ayàwòrán_Ìlú
À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókò ń yọjú. Iṣẹ́ ètò ìlú ni mo kọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á tó bá gùn.

Ní 1975, Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Adájọ́ Akínọlá Agúdà ló ṣe alága rẹ̀, Táí Ṣólàrín wà nínú rẹ̀. Àwọn ló sọ pé Èkó ò lè máa jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ kó tún máa jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ilẹ̀ ò gbà á mọ́. Òfin tó dá FCT sílẹ̀ jáde lọ́jọ́ 3 oṣù Kejì 1976, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Murtala. Àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mẹ́ta tó para pọ̀ di International Planning Associates ló ya Master Plan, ìyẹn àwòrán ìlú 1979 tá à ń sọ yìí, Kenzo Tange, ayàwòrán ilé ará Japan, ló wá ya àárín gbùngbùn.

Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín ìgboro sí, wọ́n sì fẹ́ kó tò tẹ̀lé ara wọn ni. Ẹ parí títì, omi, gọ́tà, iná ní ìpele kìíní, ìyẹn Central Area, Garki, Wuse, Maitama, Asokoro. Kí èèyàn wọ ibẹ̀. Kẹ́ ẹ wá ṣí ìkejì. Kò lọ bẹ́ẹ̀. Owó epo já wálẹ̀ láyé Shagari, iṣẹ́ fà. Babangida wá kó ìjọba dé lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991, òṣìṣẹ́ ń wọ́ tẹ̀lé e, ilé ò tíì tó. Nígbà tó yá, wọ́n ń pín ilẹ̀ ìpele kejì àti ìkẹta fún èèyàn lórí ìwé, katakata ò tíì wọ inú igbó rẹ̀. Ẹni tó gba ilẹ̀ ò lè kọ́lé sí ibi tí kò ní títì, ló bá fi ìwé náà pa mọ́ bí ẹni fowó sí báńkì. Ibi tí àwọn ilẹ̀ òfìfo inú Katampe ti wá nìyẹn, kì í ṣe pé èèyàn ò fẹ́ ibẹ̀.

Ohun kejì: àwọn tó kọ́ ìlú náà. Nyanya, àgọ́ òṣìṣẹ́ ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn bíríkìlà, kápẹ́ńtà, awakọ̀ táńkà, ibẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí, wọ́n rò pé tí iṣẹ́ bá parí wọ́n á lọ. Ìlú wo lẹ mọ̀ tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti parí rí? Wọ́n dúró, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n pe àbúrò wọn wá.

Akínkanjú, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ibi tí èèyàn há sí. Mi ò gbà pé ìgboro ò kún. Ẹ wo omi ìdọ̀tí nìkan. Ilé-iṣẹ́ Wupa tó ń fọ omi ìdọ̀tí ìgboro, tí wọ́n ṣí ní 2007, èèyàn 700,000 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mílíọ̀nù 3 tí Master Plan ní ìgboro á gbà. Ti omi mímu yàtọ̀: ìsédò Lower Usuma wà, wọ́n sì ti fa páìpù kìlómítà 75 láti ìsédò Gurara wá láti fi kún un. Omi wà lókè. Páìpù kéékèèké tó máa gbé e wọ ojúlé ní Lugbe, Karu, Dutse, òun ni kò sí, òun ló sì ń jẹ owó jù. Olóṣèlú kì í fi páìpù abẹ́lẹ̀ ṣe ìpolongo, wọn ò lè gé ríbọ́ọ̀nù lórí rẹ̀.

Gbénró_Asokoro
Ohun tẹ́ ẹ̀ fẹ́ sọ ni màá sọ. Ilé àìlófin ló ba Àbújá jẹ́. Nígbà tí El-Rufai ṣe mínísítà FCT, 2003 sí 2007, ó wó o, ó tò ó, ó kó ìwé ilẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ó lé ọ̀kadà kúrò nígboro ní 2006. Gbogbo wa la rí bí ìlú ṣe mọ́. Àánú òṣèlú ló jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ padà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí olúkúlùkù ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ níbi tó wù ú, ẹ má bi ìjọba léèrè omi.

Ará_Mararaba
@Gbénró_Asokoro ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Idu Karmo nígbà náà, ṣé ẹ rò pé ìlú bàbá wọn ni wọ́n padà sí? Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wá. Mo mọ ẹni tó kó dé pẹ̀lú páànù orí ilé rẹ̀. Gádì yín ní Asokoro níbẹ̀, ẹ bi í níbi tó ń sùn.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún òǹkà tí Akínkanjú kó sílẹ̀. Ní ìkànìyàn 2006, ibi tí wọ́n bá ọ ni wọ́n ti ń kà ọ́. Mararaba, Ado, Masaka, Nasarawa ni gbogbo wọn. Suleja àti Tafa, Niger ni. Àwa tá a ń kún títì Àbújá láàárọ̀, a ò sí nínú 1,406,239 yẹn rárá. Tí wọ́n bá ń ṣètò títì ní FCT, òǹkà wa ò sí níbẹ̀. Tí Nasarawa bá ń ṣètò tirẹ̀, Lafia ni ojú wọn wà. Òfin owó orí tún ní ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló yẹ kó gba owó orí rẹ̀. Lóṣooṣù ni ọ́fíìsì ń yọ tèmi, èmi ò mọ ẹni tí wọ́n ń san án fún, mi ò sì tíì rí títì tó fi ṣe.

Gbénró_Asokoro
Àbúrò, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé kí gbogbo Nàìjíríà wá sí Àbújá? Tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ta ló máa wá sun Mararaba?

Ará_Mararaba
Ìyẹn, mi ò lè jiyàn rẹ̀.

Ọmọ_Gbàgyí
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Bàbá mi ará Ọ̀fà, ìyá mi Gbàgyí, abúlé Garki ni wọ́n bí i sí. Ẹ ń sọ̀rọ̀ "ilé àìlófin" bíi pé ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀ kí títì tó dé. Gbàgyí, Koro, Gade, Bassa, Gwandara, gbogbo wọn ló wà lórí ilẹ̀ náà.

Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n kó gbogbo wa kúrò, kí ìjọba sanwó gbà-máà-bínú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Wuse ṣe lọ tẹ Sabon Wuse dó ní ìpínlẹ̀ Niger. Nígbà tó fi máa di 1978, ìjọba ológun rí i pé owó yẹn á pọ̀ jù, wọ́n yí i padà: ẹni tó bá fẹ́ dúró, kó dúró. Ìdí tí abúlé fi ṣì wà láàárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìyẹn, ní Garki, ní Jabi, ní Utako, ní Durumi. Lẹ́yìn náà, abala 297 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ní gbogbo ilẹ̀ FCT, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà lórí ilẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀, kò lè gba C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀, sórí rẹ̀, kò lè fi yá owó ní báńkì, kò mọ ọjọ́ tí katakata á dé. Kí ló máa fi ilẹ̀ náà ṣe? Ó kọ́ yàrá, ó fi háyà. Yàrá lórí yàrá, ṣáláńgá kan, kò sí gọ́tà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni awakọ̀, alágbàfọ̀, aláàárù, ọmọ yunifásítì tó ń wáṣẹ́. Abúlé tí Master Plan ní á pòórá ló gba àwọn èèyàn tí Master Plan ò kọ́lé fún.

Tẹ́ ẹ bá ń bi ara yín nípa ẹni tó yẹ kó gbé e wọ ilé ìgbìmọ̀: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní sẹ́nétọ̀ mẹ́ta. FCT ní ẹyọ kan. Kò sí gómìnà tẹ́ ẹ lè fi ìbò yọ, ààrẹ ló ń yan mínísítà. Káńsù mẹ́fà la dìbò fún, AMAC (Abuja Municipal), Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali, Abaji, ẹ sì mọ agbára tí káńsù ní.

ỌmọÈkóGidi
Èyí dùn mí o. Mi ò mọ̀ pé ẹyọ sẹ́nétọ̀ kan ni.

Rélùwéè ìgboro tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò ran yín lọ́wọ́?

Akínkanjú_Lugbe
Iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2007 nìyẹn. Ó lé ní kìlómítà 60 níwèé, wọ́n gé e sí 45, ibùdókọ̀ 12. Buhari ṣí i ní oṣù Keje 2018, kòrónà dé ní 2020, ó dúró. Oṣù Karùn-ún 2024 ni Tinubu tún un ṣí. Ó dára, mo ti wọ̀ ọ́, ó mọ́ tónítóní, ẹ̀rọ amúlétutù wà nínú rẹ̀. Àmọ́ láti Central Area, ó gba Idu lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ẹ̀ka kejì kọjú sí ìhà Kubwa. Èmi tí mò ń gbé Lugbe gan-an, tí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú jẹ́ ọ̀nà mi, mo gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn kí n tó dé ibùdókọ̀ rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Nyanya
Ẹ bá mi bi wọ́n. Ibi tí èrò pọ̀ sí jù lọ, kò sí ojú irin kankan. Ibi tí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú ń lọ, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ dé.

Tíṣà_Gwagwalada
Orí lẹ ń kà, ẹ ò wo irú orí tó jẹ́. Àwọn tó ń dé Àbújá, ẹni ogún ọdún sí ogójì ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n wá wáṣẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n ti gbéyàwó, ọmọ ti dé. Àwọn àgbà ò pọ̀ láàárín wa, torí ẹni tó bá fẹ̀yìntì ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé ni. Ẹ wo títì nígbà Kérésì àti Iléyá, ẹ lè sùn sójú ọ̀nà, kò séwu. Ìlú tí gbogbo ará rẹ̀ ní ilé mìíràn tí wọ́n ń pè ní ilé ni Àbújá.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Torí pé ìdàgbàsókè tí ìṣílọ mú wá àti èyí tí ìbímọ mú wá, ohun tí wọ́n ń bèèrè yàtọ̀ síra. Ẹni tó ṣí dé ń fẹ́ yàrá kan àti ọkọ̀ tó máa gbé e débi iṣẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí ń fẹ́ ilé ìgbẹ̀bí lónìí, abẹ́rẹ́ àjẹsára lóṣù tó ń bọ̀, àga nínú kíláàsì lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Kódà tí ẹnì kankan ò bá tún kó wá láti òní lọ, àwọn tó ti wà nílẹ̀ á máa bímọ, kíláàsì á máa kún. Ẹ lé gbogbo àlejò dànù bí ẹ̀gbọ́n Gbénró ṣe fẹ́, ẹ ṣì máa kọ́ ilé ẹ̀kọ́.

Master Plan mọ èyí o. Gbogbo àdúgbò tí wọ́n yà sínú rẹ̀ ló ní àyè ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọdé lè fẹsẹ̀ rìn dé. Àmọ́ ní Wuse tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà, òbí ti kó lọ sí Kubwa. Wọ́n ń kó ọmọ sínú mọ́tò láàárọ̀ wá sí Wuse, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ bàbá àti ìyá wà, kò sì sẹ́ni tó máa lọ mú ọmọ ní Kubwa lágogo kan ọ̀sán. Ìdajì lára súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tẹ́ ẹ̀ ń sọ, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni. (Ìdajì yìí, ẹnu ni mo fi wọ̀n ọ́n o, kí Ayàwòrán má bèèrè ibi tí mo ti rí i.)

Ayàwòrán_Ìlú
Mi ò bèèrè, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n kàn fi Brasília kún un, torí ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Àbújá. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1960 ni ìjọba Brazil kó wọ ibẹ̀. Èèyàn 500,000 ni wọ́n ń retí nígbà tó bá máa fi di 2000. Ìkànìyàn 2022 bá mílíọ̀nù 2.8 ní agbègbè olú-ìlú náà, ìdá kékeré ló sì ń gbé inú àwòrán àtilẹ̀wá. Àwọn tó kọ́ ọ, ìlú ẹ̀gbẹ́ bíi Taguatinga ni wọ́n wà. Ní 1971 wọ́n tún lé àwọn tó tẹ̀dó láìgbàṣẹ kúrò, wọ́n kó wọn lọ sí ibi tó di Ceilândia, tó wà lára ibi tí èrò pọ̀ sí jù níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀gbọ́n Gbénró, ẹ gbọ́? Wọ́n lé wọn, wọ́n sì ń bẹ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Brazil ṣe tá ò tíì ṣe. Brasília náà ní Mararaba tirẹ̀: àwọn ìlú tó wà nínú ìpínlẹ̀ Goiás lẹ́yìn ààlà, tí ará ibẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ní olú-ìlú lójoojúmọ́. Ní 1998 wọ́n ṣe òfin kan tó so agbègbè olú-ìlú pọ̀ mọ́ àwọn káńsù Goiás àti Minas Gerais yẹn, pé kí ètò ọkọ̀, omi àti ìmọ́tótó wọn jẹ́ àpapọ̀. Mi ò ní kò sí ìṣòro mọ́ níbẹ̀ o, ìṣòro pọ̀. Àmọ́ orúkọ àwọn ará ẹ̀yìn ààlà wà nínú ìwé. Tiwa, Nyanya dúró sí FCT, New Nyanya bẹ̀rẹ̀ sí Nasarawa, èèyàn lè tutọ́ láti ọ̀kan sí èkejì, kò sì sí tábìlì kan tí àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó tí wọ́n bá fẹ́ la títì.

Ẹnì kan bi mí lẹ́kan pé ṣé kí wọ́n tún Master Plan ya ni. Mo ní rárá. Àwòrán tí wọ́n ní ò burú. Kí wọ́n kàn fà á kọjá ààlà FCT lọ sí ibi tí èèyàn ń sùn.

Gbénró_Asokoro
Èyí tí Ayàwòrán sọ yìí, mo lè fọwọ́ sí i. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ilé àìlófin, pàápàá èyí tí wọ́n kọ́ sójú odò o. Tí òjò bá dé, ẹ̀mí ló ń bá a lọ.

Ọmọ_Gbàgyí
Ojú odò, gbogbo wa wà lẹ́yìn yín. Ṣé ẹ máa wó àwọn ẹ́sítéètì ńláńlá tó wà lójú odò náà àbí ti tálákà nìkan?

Gbénró_Asokoro
Kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀.

Ṣadé_Òṣogbo
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n gbé mi lọ sí mínísírì kan ní Central Area, mo fẹ́ dé lóṣù tó ń bọ̀. Èmi àti ọmọ kan, ọmọ ọdún mẹ́rin. Àjẹ́ǹtì kan ní Mararaba ló rọ̀ jù, òmíràn ní Kubwa, ẹ̀kẹta ní Lugbe. Látìgbà tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, orí mi ti dàrú. Níbo ni kí n gbé?

Ará_Mararaba
Àǹtí, owó háyà tiwa rọ̀ lóòótọ́. Ẹ fi owó ọkọ̀ kún un kẹ́ ẹ tó dunnú.

Tíṣà_Gwagwalada
Nítorí ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn, ẹ kọ́kọ́ wá ilé ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ wá wá ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní ìdàkejì ló ń jí ọmọ lágogo mẹ́rin ààbọ̀.

Akínkanjú_Lugbe
Lugbe náà dáa, àmọ́ ẹ bèèrè bóyá ilé náà wà lẹ́bàá títì tàbí lẹ́yìn. Tó bá wà lẹ́yìn, ẹ béèrè bí táńkà omi ṣe ń wọlé nígbà òjò. Kubwa ní ọ̀nà tó dáa ju ti gbogbo wa lọ, owó ilé rẹ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Nyanya
Ọmọ mi, káàbọ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí àjẹ́ǹtì mú yín lọ wo ilé lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọjọ́ Àìkú, títì máa ń dá nígbà náà. Ẹ lọ sùn sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ládùúgbò yẹn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ èrò lọ sí Central Area láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù, ẹ san án. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sí Nyanya, ẹ kọ̀wé sí mi nínú àpótí, yàrá àlejò wà.

Ṣadé_Òṣogbo
Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti kọ̀wé sí yín.